Ọ̀pọ̀ Kọ́rì

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó tó di pé ẹnìkan á ní mò ń fọ́nnu lásán: kò sí ọkùnrin Yorùbá kankan láti Woolwich dé Thamesmead tó lè rẹ́ kábéèjì kó tín-ín-rín tó tèmi. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó gbé ọ̀bẹ tiẹ̀ wá. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń rẹ́ ẹ. Mo mọ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo mọ ohun tó mú mi bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ àṣìṣe burúkú tí mo kọ́kọ́ ṣe. Àṣìṣe yẹn, Yorùbá nìkan ló lè ṣe é.

Àwọn ọdún 1990 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn. Mò ń wa bọ́ọ̀sì ní gáréèjì kan ní Woolwich. Èmi àti ìyàwó mi ń gbé ní fúláàtì kan ní àjà kẹta ní Thamesmead, níbi tí atẹ́gùn odò ti máa ń fẹ́ bí ẹni pé wọ́n dìídì rán an sí wa. Àwa Yorùbá ò tíì pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí ẹnìkan ní "Ẹ káàárọ̀" ní ibùdókọ̀ ní Harrow Manorway, ẹ máa dúró ni, ẹ máa bèèrè ìlú tó ti wá, ẹ sì lè tibẹ̀ di ọ̀rẹ́. Ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù ńlá tó wà lẹ́bàá Woolwich Common. Òun ló ń sè, èmi ni mò ń jẹ, mi ò sì rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀. Nílé wa n'Ìbàdàn, ọkùnrin tó bá ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n á bi í pé kí ló ń wá. Mi ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé omi tíì kaná dáadáa.

Ìgbà tó yá, ìyàwó mi lóyún. Inú wa dùn, àyà wa sì ń já, torí pé oyún kan ti wálẹ̀ lára rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, nígbà tó wọ oṣù kẹrin. Bí tàkọ́kọ́ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èyí náà tún bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ ò dúró níkùn rẹ̀. Tó bá gbóòórùn ata tí wọ́n ń dín, á bì. Tó bá gbóòórùn epo pupa, á bì. Ìrẹsì funfun lásán, tí kò ní òórùn kankan, ó ní ó ń rùn. Ó rù débi pé òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ ń yọ bọ́ sínú omi tó bá ń bọ́jú. Gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ní kí n rà ni mo rà, bisikíìtì, omi ọsàn, ẹ̀kọ tútù tí obìnrin ará Èkó kan ń tà fún wa láti inú ilé rẹ̀. Ó ń tọ́ ọ wò, ó sì ń bì í padà.

Ní kílíníìkì, wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n, ìwọ̀n rẹ̀ tún ti já wálẹ̀. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ń tọ́jú rẹ̀ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún wa pé tó bá tún já ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á máa fa omi sí i lára. Ìgbà tá a jáde síta ni ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú.

"Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni tàkọ́kọ́ ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́," ó ní. "Mi ò fẹ́ padà sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n dá mi dúró."

Èmi tí mò ń wa bọ́ọ̀sì alájà méjì kọjá ní kọ̀rọ̀ tí ọlọ́kadà gan-an máa ronú kó tó gbà, mi ò lè mú kí obìnrin kan gbé òkèlè kan mì. Inú bí mi. Mi ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí, àmọ́ inú bí mi gan-an ni.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi ṣíwọ́ lọ́sàn-án, ó sì wá dúró dè mí ní gáréèjì kí a jọ wọ bọ́ọ̀sì relé. Kò lè wọ inú kántíìnì wa torí òórùn ẹran tí wọ́n ń dín níbẹ̀, ló bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó fi ṣíkáàfù bo imú. Ẹnì kan ti wà lórí bẹ́ǹṣì náà, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi kan tó wá láti etí òkun ní ìwọ̀ oòrùn Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Konkani. Òun náà kì í jẹun ní kántíìnì, torí kì í jẹ ẹran. Ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, nítorí náà Ọ́ńkù ni mò ń pè é. Òun náà máa ń pè mí ní "bab", ìyẹn bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọkùnrin lé lédè wọn. Àwa awakọ̀ Yorùbá ti kọ́ ọ ní "Ẹ káàárọ̀" àti "Ẹ ṣeun" àti ọ̀rọ̀ burúkú kan tí mi ò ní kọ síbí.

Mo ṣíwọ́, mo jáde síta, ẹ ò ní gba ohun tí mo rí gbọ́. Ìyàwó mi gbé kúlà oúnjẹ Ọ́ńkù lé orí ẹsẹ̀, ó mú ṣíbí Ọ́ńkù dání, ó ń jẹun. Háà! Ìyàwó mi, ní gbangba, ní iwájú gáréèjì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ń jẹ oúnjẹ ọkùnrin ẹlòmíràn! Ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ ru sí mi lórí. Mo ti la ẹnu láti pariwo kí n tó rí ohun tó wà níwájú mi. Ó ń jẹun. Ó ń jẹ ẹ́, ó sì ń gbé e mì, kò sì sí ohun tó ń padà bọ̀. Ọ́ńkù jókòó tì í, ó ń wo títì bí ẹni tí kò rí nǹkan kan, ebi sì ń pa á.

Mo dúró níbẹ̀ títí tó fi fi ṣíbí gbá ìdí abọ́ náà. Ó gbójú sókè wò mí, ojú ń tì í. "Ó ní òórùn tó mọ́," ó ní. "Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ó kàn mọ́ ni."

Mo dojú kọ Ọ́ńkù. "Ẹ jọ̀ọ́, Ọ́ńkù, kí ni oúnjẹ yìí ń jẹ́? Kí ni wọ́n fi sè é?"

Bọ́ọ̀sì tiẹ̀ ti fẹ́ gbéra. Bó ṣe ń dìde, bó ṣe ń gba abọ́ rẹ̀, ó dá mi lóhùn pé kábéèjì ni, pé kò le, kábéèjì, àgbọn díẹ̀. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́ dáadáa pẹ̀lú etí mi méjèèjì. Ó ní, "Ọ̀pọ̀ kọ́rì." Ló bá sáré lọ.

Ẹ máa wò mí bí òmùgọ̀, àmọ́ ẹ rò ó wò. Ọkùnrin tó ń kí mi ní "Ẹ káàárọ̀" lójoojúmọ́ ni. Mo ní, áà, Ọ́ńkù tún ti kọ́ ọ̀rọ̀ méjì sí i! Ìyàwó mi náà gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rí lójú rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti pinnu pé èmi fúnra mi ni màá sè é. Tí mo bá ní kí ó sè é fúnra rẹ̀, òórùn á dé bá a kó tó jẹ ẹ́. Ta ló tún kù?

Lọ́jọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, mo ṣíwọ́ ní aago méjì ọ̀sán, mo ra kábéèjì ńlá kan lọ́jà Woolwich, mo ra àgbọn kan, mo gbé e dé Thamesmead. Ìyàwó mi ń sùn. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá, mo wọ ilé ìdáná bí olè. Mo gé kábéèjì náà bí igi ìdáná, gbirigbiri. Mo da òróró sínú páànù. Mo gé àlùbọ́sà méjì sí i, torí ojú mi ti rí àlùbọ́sà nínú gbogbo ìkòkò tí mo ti rí láyé mi. Mo ju mágì mẹ́ta sí i, ìdí kan náà. Mo da kábéèjì lé e lórí. Mo wá nawọ́ mú agolo kọ́rì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀, èyí tí kò sí ìdílé Yorùbá tí kò ní i nílé. Ọ̀pọ̀ kọ́rì, ọkùnrin náà ní. Èmi kì í ṣe ahun. Mo da ìdajì agolo.

Yéè! Àwọ̀ yẹn ò sí nínú àwọ̀ tí Ọlọ́run dá sí oúnjẹ. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, èéfín rẹ̀ kún ilé ìdáná, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá. Mi ò tíì pa iná tí mo ti gbọ́ ẹsẹ̀ ìyàwó mi tó ń sáré lọ sí balùwẹ̀. Kò sí nǹkan kan níkùn rẹ̀ tó máa bì, síbẹ̀ ó ń bì. Mo lọ kúnlẹ̀ tì í, mo di orí rẹ̀ mú. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Kò sọ ọ́ bí àwàdà. Mo kó gbogbo rẹ̀ dà nù, mo ṣí gbogbo fèrèsé nínú òtútù, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, omijé sì bọ́ lójú mi. Mò ń sọ ọ́ tààrà torí pé bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ọjọ́ márùn-ún ló kù tí wọ́n máa tún gbé e lé òṣùwọ̀n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbéjà ko Ọ́ńkù ní gáréèjì. Mi ò kí i. "Ọ́ńkù, kí ni mo fi ṣe yín? Mo ṣe bí ẹ ṣe sọ, ìyàwó mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú!"

Ó bi mí pé kí ni òun sọ.

"Ẹ ní ọ̀pọ̀ kọ́rì! Mo sì da ọ̀pọ̀ kọ́rì sí i!"

Ó wò mí. Ó ní òun ò da kọ́rì kankan sí i, kò tiẹ̀ sí kọ́rì nínú ilé òun bẹ́ẹ̀, òun ò mọ ohun tí mò ń sọ. Mo tún un sọ, mo yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún un, mo ní lédè Yorùbá, ọ̀pọ̀, ìyẹn ni pé púpọ̀. Kọ́rì, ìyẹn ni kọ́rì. Ni èjìká rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó fa bíró yọ, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ rẹ̀: *upkari*. Ó ní orúkọ tí àwọn ń pe ewébẹ̀ tí wọ́n bá yí lórí iná bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Upkari. Kábéèjì upkari. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì. Èmi náà fẹ́ bínú, mi ò lè bínú, ẹ̀rín ti gbé mi. Àwọn awakọ̀ yòókù rò pé ọtí la ti mu láàárọ̀.

Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó wá bi mí bóyá ìyàwó mi ti jẹ nǹkan kan látìgbà yẹn. Mo ní rárá. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní kí n dúró de òun tí a bá ṣíwọ́.

Ó tẹ̀lé mi wá sí Thamesmead lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. A ra kábéèjì mìíràn àti àgbọn mìíràn lójú ọ̀nà. Òun ti kọ́kọ́ sáré dé ilé rẹ̀, ó fi ìwé wé hóró dúdú wínníwínní kan wá, èyí tí wọ́n ń pè ní músítádì. Nígbà tó wọ ilé ìdáná wa, mo na ọ̀bẹ sí i. Kò gbà á. Ó ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ní, "Bab, èmi ò lè máa wá síbí lójoojúmọ́. Ìwọ ni wàá sè é."

Mo rẹ́ kábéèjì, ó wò ó, ó mi orí. Mo tún un rẹ́, ó mi orí. Ó ní tó bá nípọn, apá kan á jóná, apá kan á tutù, omi á sì máa ṣàn jáde lára rẹ̀, ìyẹn ló sì máa ń rùn. Mo rẹ́ ẹ títí ọrùn fi ń ro mí, ìgbà tó di bí òwú ló tó sọ pé, "Ó dáa." Àgbọn, èmi fúnra mi ni mo fọ́ ọ, mo nà án mọ́ eteetí àtẹ̀gùn níta, obìnrin òyìnbó tó ń gbé ìsàlẹ̀ yọjú láti wò bóyá à ń jà.

Ó ní kí n gbé òróró díẹ̀ kaná, díẹ̀ gan-an. Ó ní kí n ju hóró kan ṣoṣo sí i, kí n dúró. Mo dúró. Hóró náà ta pọ́n-ún! Mo fò sẹ́yìn. Ó ní ìgbà tó bá ta ni epo tó ṣe tán. Mo da ìyókù sí i, mo yára dé e, wọ́n ń ta gbùrùgbùrù lábẹ́ ìdérí bí gúgúrú. Ata gbígbẹ méjì ló tẹ̀lé e, odindi, a ò gún un, a ò lọ̀ ọ́, kò sì gbọdọ̀ dúdú. Ọwọ́ mi ti na sí àlùbọ́sà. Ọ́ńkù ní, "Rárá." Ó di ọwọ́ mi mú gan-an ni. Mo ní, "Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, kí ló máa mú un dùn?" Ó ní kábéèjì. Mo nawọ́ sí mágì. Ó gba páálí mágì, ó kì í sínú àpò rẹ̀.

Ẹ ò lè mọ bó ṣe nira tó. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ní kí n jáde láìwọ bàtà. Iyọ̀ péré. Kò sí omi. A dé e, a dín iná kù, kábéèjì sì fi omi ara rẹ̀ rọ̀. Nígbà tó jinná ni mo wọ́n àgbọn tí mo rin lé e lórí, mo yí i lẹ́ẹ̀kan, mo pa iná. Gbogbo rẹ̀ ò tó ogún ìṣẹ́jú. Òórùn rẹ̀ dé imú mi, ohun tí ìyàwó mi wí lórí bẹ́ǹṣì sì wá yé mi pátápátá. Ó mọ́ lóòótọ́.

Mi ò gbé e lọ bá a. Fúnra rẹ̀ ló rìn jáde látinú yàrá, ó fi aṣọ ìbora bo èjìká, ó kí Ọ́ńkù, ó sì jókòó. Mo bù ú sínú àwo kékeré. Èmi àti Ọ́ńkù dúró lójú kan bí àwọn tó ń dúró de èsì ìdánwò. Ó mú ṣíbí kan. Ó mú èkejì. Ó gbé àwo náà sún mọ́ àyà rẹ̀. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó ní, "Ṣé ó kù?"

Àlùhámúdùlílàhì! Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí látìgbà tí ìyá mi ti bí mi. Ṣé ó kù! Oúnjẹ tí èmi sè!

Mò ń sè é lójoojúmọ́ látọjọ́ yẹn. Mo ṣíwọ́ ní aago méjì, mo dé ilé ní aago mẹ́ta, ó jẹun kí aago mẹ́rin tó lù. Mo fi ẹ̀wà tútù ṣe é, mo fi kárọ́ọ̀tì ṣe é. Ọwọ́ mi ń yá sí i. Àmọ́ mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ojú ń tì mí. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè, ọ̀rẹ́ mi kan, ará Ìjẹ̀bú tó ń wa táásì, yọ sí wa láìròtẹ́lẹ̀, ó sì bá mi nílé ìdáná pẹ̀lú ìró ìyàwó mi tí mo so mọ́ ìbàdí kí epo má ta sí mi lára.

"Áà!" ó ní. "Ìyá olóúnjẹ! Ẹ kú iná o!"

Mo sọ pé ìyàwó mi ló ń sè é, pé ó ní kí n bá òun wo ojú iná ni. Láti orí àga ní pálọ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀:

"Irọ́ ló ń pa! Òun ló ń sè é. Ojoojúmọ́ ló ń sè é!"

Ilẹ̀ ì bá lanu kí n wọlé. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó na ìka sí ìró, ó pè mí ní gbogbo orúkọ tí ará Ìjẹ̀bú lè pe èèyàn. Mo bu oúnjẹ, mo gbé e fún ìyàwó mi, ó sì jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀ títí àwo fi mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ti rí i ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí kò lè gbé omi mì. Ẹ̀rín rẹ̀ ń dínkù díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó jẹ gbogbo ẹ̀?" Mo ní, "O ṣáà rí i." Ó wá ní kí n bu díẹ̀ fún òun náà. Mo bù ú fún un. Mi ò sì tú ìró yẹn nídìí mi títí tó fi lọ.

Ọjọ́ kílíníìkì pé. Láti Harrow Manorway títí dé ọsibítù, ìyàwó mi ò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ kóòtù, ó gun òṣùwọ̀n, ó di ojú. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó tún un wò. Ó ní kò já wálẹ̀. Ó ní ó tiẹ̀ ti gòkè díẹ̀, pé kò sí ìdí tí wọ́n fi máa dá a dúró, kó máa lọ sílé. Ó bi í pé kí ló ń jẹ. Ìyàwó mi la ojú, ó na ìka sí mi níwájú gbogbo àwọn aláboyún tó jókòó síbẹ̀.

"Bi ọkọ mi," ó ní. "Òun ló ń sè é."

Mo gbé èjìká sókè. Ẹni tó bá rí mi níbẹ̀ lọ́jọ́ náà máa rò pé èmi ni mo kọ́ ọsibítù yẹn.

Oṣù kẹrin kọjá. Ìkarùn-ún kọjá. Ìrìndọ̀ náà fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó padà sí orí ẹ̀bà àti ata, àmọ́ ó ṣì máa ń ní kí n bá òun yí kábéèjì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó bí obìnrin, ọmọ tó pariwo débi pé wọ́n gbọ́ ọ ní yàrá kejì. Ọ́ńkù wá sí ìsọmọlórúkọ, ó jókòó láàárín wa pẹ̀lú fìlà tí ará Ìjẹ̀bú yẹn yá a. Ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé lédè Yorùbá, oúnjẹ àwọn ń jẹ́ ọ̀pọ̀ kọ́rì.

Ìyá mi ò lè wá láti tọ́jú ìyàwó mi bí àwọn ìyá ṣe máa ń ṣe, torí a ò rí físà gbà fún un. Mo kọ lẹ́tà pé kó wà nílé aládùúgbò tó ní fóònù ní ọjọ́ Sátidé, ní aago mẹ́wàá, mo sì lọ dúró ní búùtù fóònù pẹ̀lú káàdì méjì. Ó gbé e. Ó sunkún, ó súre, ó ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn ọmọ, mo ní ó wà nílé. Ó wá béèrè ohun tí mo mọ̀ pé ó máa béèrè.

"Ọkọ mi, lẹ́tà yín sọ pé ìyàwó ò lè jẹun nígbà yẹn. Ta ló wà níbẹ̀ tó ń dáná fún un?"

Ìyá mi ni obìnrin tí kò jẹ́ kí n fọ abọ́ rí, tó máa ń ní àwọn ìyàwó ìsinsìnyí fẹ́ sọ àwọn ọmọkùnrin òun di ọmọ ọ̀dọ̀. Mo ti ronú irọ́ kan sílẹ̀, ti obìnrin ará Èkó tó ń ta ẹ̀kọ. Àmọ́ ọkùnrin tó ti so ìró mọ́ ìdí níwájú ará Ìjẹ̀bú, kí ló tún ń bẹ̀rù?

"Èmi ni, Màmá," mo ní. "Èmi ni mò ń sè é fún un. Lójoojúmọ́."

Mò ń wo iye tó kù lórí káàdì, ó ń dínkù. Mo rò pé ìlà ti já. Mo ní, "Màmá? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Oyún méjì ló wálẹ̀ lára mi kó tó kan ìwọ. O ò mọ̀. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú yín. Bó ṣe ṣe ìyàwó rẹ yìí náà ló ṣe mí. Mi ò lè jẹ, mi ò lè mu. Èmi ni mo sì ń se oúnjẹ gbogbo ilé, èéfín nínú ojú mi, mò ń bì sẹ́yìn ilé, mò ń padà wá ro ọkà. Bàbá rẹ á tọ́ ọ wò, á ní iyọ̀ ò tó."

Mo gbé orí lé gíláàsì búùtù náà.

"Sọ ọ́ fún mi," ó ní. "Bí o ṣe sè é. Láti ìbẹ̀rẹ̀, má fo nǹkan kan."

"Ṣé ẹ fẹ́ sè é ni, Màmá?"

"Rárá o," ìyá mi ní. "Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ ni."